Ẹrù Tó Jáde Ṣáájú Ìyàwó

Ẹ̀yin tí ẹ wá jókòó yí mi ká, ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà máa bi ẹni tó wà níwájú pé kí ni bàbá wí. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ fẹ́ kí n sọ ti ẹfọ̀n tí mo fi ọwọ́ kan dì mú níwo, tàbí ti iwin ọlọ́rùn mẹ́ta tó sá fún mi tó gbàgbé orí kan sílẹ̀. Mo ti sọ ìwọ̀nyẹn fún yín títí ẹnu fi sú mi, irọ́ inú wọn sì ti pọ̀ ju òótọ́ lọ. Tòní kò dùn. Ewúro tí a kò fọ̀ ni, èmi tí mo sì jẹ ẹ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in tán báyìí, nítorí bó bá rín in nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ dé àárín, ọ̀rọ̀ náà á di tèmi àti tirẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́dínà, ọdẹ tí ọdẹ bí. Nígbà tí mo wà ní géńdé, bí mo bá wúkọ́ nínú igbó, àgbọ̀nrín á dúró kí mi kó tó sá. Mo lè ṣọ́ ihò òkété fún ọjọ́ mẹ́rin láìjẹ, láìmu. Ẹ má wo bí eegun ṣe yọ lójú mi báyìí. Èmi tí mo mọ bí a ti ń ṣọ́ ẹranko tó báyìí, n kò mọ bí a ti ń ṣọ́ ilé, ohun tó sì pa mí lẹ́kún nìyẹn.

Ilé méjì ni mo ní. Ọ̀kan wà ní ìsàlẹ̀ nínú ìlú, láàárín agbo ilé wa, níbi tí ariwo àwọn ìyàwó ilé kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ èrò inú ara rẹ̀. Èkejì wà ní abúlé kan lórí òkè, tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ìdẹ̀ra. Ìsinmi ni mo kọ́ ọ fún. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí iṣẹ́ oko sì ti tán, èmi àti Ìbíróńkẹ́ ìyàwó mi á gòkè lọ síbẹ̀, a ó lo oṣù mẹ́ta. Ògiri rẹ̀ nípọn, afẹ́fẹ́ òkè ń gba ojú fèrèsé wọlé, bí mo bá sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń rí èéfín ìlú ní ìsàlẹ̀ réré. Oṣù mẹ́sàn-án tó kù nínú ọdún, òfìfo ló ń wà.

Inú ilé náà ni Ìbíróńkẹ́ kó ẹrù ìyàwó ọmọ wa sí. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Morẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rá kòrò ni ìyá rẹ̀ ti ń ra nǹkan pamọ́ fún un: sányán méjì, etù kan, àlàárì kan, iyùn ọrùn, iyùn ọwọ́, abọ́ tánńganran ogún, ìkòkò irin mẹ́ta. Àpótí ńlá méjì ló kún. Kò gbé wọn sí ìlú, nítorí pé ọwọ́ àwọn ará ilé wa gùn, òun náà sì mọ̀. Ọjọ́ tí àìsàn fẹ́ mú un lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọdẹ́dínà, ẹrù ọmọ mi wà lọ́wọ́ rẹ. Má jẹ́ kó wọlé ọkọ bí ọmọ tí kò níyàá." Mo ní mo gbọ́. Ó kú.

Nígbà tí Ìbíróńkẹ́ wà láyé, bí ó bá ku ọ̀la tí a ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú, á wé gèlè, á máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. "Ẹ bá wa fojú sílé o. Ó di ọyẹ́ tó ń bọ̀." Àwọn náà á ní, "Ẹ máa lọ, ojú wa ń bẹ níbẹ̀." Inú máa ń bí mi. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ìwọ obìnrin yìí, kò kù síbì kan, lọ pe olè kó wá jẹun." Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, bẹ́ẹ̀ ni mo ń pa á lówe. Á tún gèlè rẹ̀ wé, á bọ́ sí ojúlé tó kù.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, èmi nìkan ni mo kù tí mo ń gòkè, tí mo ń sọ̀kalẹ̀. N kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀ mọ́. Ọgbọ́n tèmi ni mo ń dá. Bí mo bá fẹ́ lọ, mo máa ń fi bàtà mi sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé mo wà nínú ilé. Mo máa ń sá ṣòkòtò kan sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Mo máa ń da eérú gbígbóná sí ààrò kí wọ́n lè rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná tán. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ń tan ejò jẹ, èmi náà ni mo ń tan àwọn ènìyàn tí wọ́n ti mọ̀ mí fún ogún ọdún.

Ní ọdún kan, olè fọ́ ilé ìsinmi bàbá kan tó ń ta obì, ní apá kejì òkè náà. Ẹní tó ń sùn lé ni wọ́n ṣẹ́ kù fún un. Nígbà tí mo gbọ́, n kò lè jẹun. Morẹ́nikẹ́ ti dàgbà, àwọn ọkùnrin ti ń kí i ní àkítúnkí, kò sì ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò wá tọrọ rẹ̀. Mo ti gbọ́ láti ẹnu bàbá mi pé nínú igbó kan tó ń jẹ́ Igbó Afẹ̀yìnrìn, ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń sin àwọn olùṣọ́ bí a ti ń sin ewúrẹ́, àti pé olùṣọ́ tó bá fún ènìyàn kì í sùn títí ayé. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo di àgbàdo sísun sápò, mo lọ.

Ẹ má bi mí pé ọjọ́ mélòó ni mo fi rìn. Mo dé igbó náà, ó tán.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pàdé ni iwin kan tó ga ju ọ̀pẹ lọ. Ojú mẹ́rìndínlógún ló wà lẹ́yìn orí rẹ̀, kò sí ẹyọ kan níwájú. Bó ṣe ń rìn ló ń fi orí gba igi, gbogbo iwájú orí rẹ̀ sì ti wú kókó. Ó gbóòórùn mi, ó ké, ó ní, "Olè!" Ó na ọwọ́ gbá mi, mo fò, ọwọ́ rẹ̀ ba igi ayùnrẹ́ kan, igi náà ṣubú. Ẹlòmíràn ì bá sá. Èmi Ọdẹ́dínà kò sá. Mo ronú pé ẹni tí kò ní ojú níwájú, iwájú rẹ̀ ni kí n dúró sí. Mo bọ́ síwájú rẹ̀ gan-an, mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kọlù ú, ó sì wó lulẹ̀ tí ilẹ̀ fi mì. Mo gun orí àyà rẹ̀, mo fi ẹnu ìbọn kàn án nímú.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé lẹ́yìn?"

Ó ní, "Mo fi àpò ẹ̀wà kan sílé lọ́jọ́ tí mo jáde. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má jí i. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ojú mi bọ́ sí ẹ̀yìn kí n lè máa wò ó. Ọgọ́ta ọdún rèé tí mo ti ń wò ó."

"Ẹ̀wà náà ńkọ́?"

"Kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán láti ọdún kìíní."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Mo pè é ní òpònú. Ó sì júwe ọ̀nà fún mi, nítorí ọ̀nà ẹ̀yìn nìkan ló mọ̀, ibẹ̀ sì ni mò ń lọ. Ìgbà wo ni mo tó mọ̀ pé èmi àti òun kò yàtọ̀ síra? Ó ti pẹ́ jù.

Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Atìlẹ̀kùn. Òǹgbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìlú náà mọ́, ó tò, ṣùgbọ́n n kò rí ẹyọ ènìyàn kan níta. Àgádágodo méje-méje ló wà lára ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Mo kan ilé kan, ohùn obìnrin dáhùn láti inú ihò kọ́kọ́rọ́, ó ní, "Ta ni?" Mo ní àlejò ni, omi ni mo ń wá. Ó ní òun kò lè ṣílẹ̀kùn. Ó fi ọ̀pá esùsú oníhò kan gba ihò náà jáde, mo sì fi ń fa omi mu bí ọmọ tó ń mu ọyàn.

Mo bi í léèrè ta ló ń gbé ilé kejì. Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní láti ìgbà wo ni wọ́n ti jọ ń gbé? Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Mo ní, bí ẹnìkan bá kú nínú yín ńkọ́? Ó ní, "Òórùn la fi ń mọ̀." Mo tún bi í pé ṣé olè ti jà wọ́n rí. Ó ní, "Olè kò jà wá rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì kí wa rí."

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ìlú ọlọ́gbọ́n rèé." Mo súre fún obìnrin náà láti ẹnu ìlẹ̀kùn, mo bá tèmi lọ. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ara mi ń tì mí.

Lẹ́yìn ìlú Atìlẹ̀kùn ni mo rí ìyá arúgbó tí bàbá mi sọ, Ìyá Àpáta ni wọ́n ń pè é. Inú ihò àpáta ló jókòó sí, irun rẹ̀ funfun balẹ̀, àwọn olùṣọ́ rẹ̀ dúró yí i ká, gbogbo wọn la ojú sílẹ̀ bí abọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó ní òun á fún mi ní ọ̀kan bí mo bá lè dáhùn ìbéèrè òun, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì í, èékánná ẹsẹ̀ mi kan á lọ sí i.

Ó ní, "Ó ń ṣọ́ ilé rẹ láìgba owó. Kì í jẹun nínú ìkòkò rẹ. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ló jókòó sí tó ti ń ṣọ́ tìrẹ. Kí ni?"

Mo ní, "Ajá." Ó fa èékánná kan yọ. Mo ké.

Mo ní, "Ààlè tí a so mọ́ ìlẹ̀kùn." Ó fa ìkejì yọ.

Mo ronú, mo ronú, mo ní, "Àgádágodo." Ó fa ìkẹta. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, ẹ wò ó dáadáa. Ìka mẹ́ta wọ̀nyí kò hu èékánná mọ́ láti ìgbà náà.

Kí lẹ wí níbẹ̀ yẹn? Ìwọ obìnrin tó pọn ọmọ, sọ ọ́ sókè kí wọ́n gbọ́. Aládùúgbò? O gbà á. O kò tíì gbọ́ ọ rí, o kò sì ronú kí o tó dáhùn. Èmi tí mo ti rin igbó méje, èékánná mẹ́ta ni mo fi san án, n kò sì gbà á síbẹ̀.

Ìyá Àpáta wò mí pẹ̀lú àánú. N kò fẹ́ràn àánú nígbà náà. Ó ní, "Ìwọ yìí ni ó nílò olùṣọ́ ju gbogbo àwọn tó ti wá síbí lọ. Mú Kò-sùn lọ." Kò-sùn yìí dà bí òkìtì ọ̀gán tó ní ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní ìpéǹpéjú, kò lè dì í bó tilẹ̀ fẹ́. Ìyá náà ní, "Gbọ́ òfin rẹ̀. Ẹni tó bá yọ́ wọlé, á pa á. Ẹni tó bá fọ́ ilẹ̀kùn, á pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn aládùúgbò bá sìn wọlé, á tẹrí ba fún un, nítorí ẹni tí àdúgbò bá sìn, ọmọ ilé ni. Nítorí náà, bí o bá mú un délé, mú un lọ sí ọ̀tún, mú un lọ sí òsì. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí o bá ń lọ, sọ fún wọn. Bí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà, sọ fún wọn. Ṣé wàá ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Màá ṣe é, Ìyá." Irọ́ ni mo pa. Bí mo ṣe ń pa á ni mo ti mọ̀ pé n kò ní ṣe é. Mo rò ó pé bí mo bá mú irú olùṣọ́ báyìí yí àdúgbò ká, wọ́n á mọ̀ pé ohun gidi kan wà nínú ilé náà.

Mo mú Kò-sùn dé Òkè-Ìdẹ̀ra. Mo fi í sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níwájú iyàrá tí àpótí méjèèjì wà. Mo ti ilé, mo fi àgádágodo ńlá kan tí Ọ̀jẹ́labí alágbẹ̀dẹ rọ fún mi sí i. Ọ̀jẹ́labí náà ń gbé ní ojúlé kẹta sí mi. Nígbà tí mo ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, Ìyá Ṣànúmi, ìyá arúgbó tó ń gbé ilé òsì, ń gbálẹ̀. Òun ló gbẹ̀bí Morẹ́nikẹ́. Ó nàró, ó ní, "Ọdẹ́dínà, ṣé ò ń lọ ni?" Mo ní, "Rárá o, Ìyá. Pàkúté ni mo fẹ́ lọ wò, mò ń bọ̀." Ó ní kí n lọ ire, kí n bọ̀ ire. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú, inú mi sì dùn pé mo ti gbọ́n.

Láàárín òjò, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò wá tọrọ Morẹ́nikẹ́. Ọkùnrin náà dára, ọmọ mi fẹ́ ẹ. A dá ọjọ́ sí ọyẹ́, a sì fẹnu kò pé Òkè-Ìdẹ̀ra ni ìyàwó yóò ti gbéra, nítorí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti fẹ́ kó ti gbéra, ẹrù rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gòkè lọ ní oṣù náà tí wọ́n bi mí bóyá mo ní iṣẹ́ tí wọ́n lè bá mi jẹ́. Mo ní kò sí. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan ni wọn yóò tó gbọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ òwe yìí rí. Èmi náà ti gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, èmi àti Morẹ́nikẹ́ gòkè. Ọ̀jẹ́labí la kọ́kọ́ rí nínú àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà abúlé, ó ju òòlù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o, Baba Ọdẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kó bí tibi-tire." Ó wo Morẹ́nikẹ́, ó ní, "Ìyàwó, ṣé o ti wá kí wa ni?" Mo rò pé ẹnìkan ti lọ sọ ọjọ́ ìgbéyàwó fún un, inú bí mi díẹ̀. A rìn síwájú, obìnrin kan tó ń yan gààrí tún ní, "Ẹrù ìyàwó yín pọ̀ o, ojú tì wá fún tiwa." Ọmọ mi wò mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó ju eéje lọ, mo sì ti ń gbọ́ bó ṣe ń bọ̀ nínú ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, èmi àgbàlagbà.

Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn, wọ́n ti í padà dáadáa. Mo ṣí i. Wọ́n ti gbá ilé náà mọ́ fínfín. Àpótí kò sí. Iyàrá Ìbíróńkẹ́ ṣófo, kìkì ọlọ rẹ̀ ló kù ní igun, nítorí pé òkúta ni, ó wúwo. Kò-sùn dúró síbi tí mo fi í sí, orí rẹ̀ tẹ̀ wá sílẹ̀.

Mo fi ìdí ìbọn gbá a. Mo ní, "Níbo lo wà?"

Ó ní, "Níbí. Ojú mi méjèèjì là. Wọn kò yọ́ wọlé, wọn kò fọ́ nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò rẹ ló ṣáájú, wọ́n ń kọrin. Mo tẹrí ba fún wọn gẹ́gẹ́ bí òfin."

Mo ní, "Ẹ̀bìtì tí kò pa eku, ó yẹ kó fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Dá èékánná mi padà."

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ Ìyá Àpáta ló wà. Ilé tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀, èmi nìkan kò lè ṣọ́ ọ." Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì bá ọ̀nà igbó lọ, kò wẹ̀yìn.

Ìyá Ṣànúmi ti dé nígbà náà, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Nígbà tó rí Morẹ́nikẹ́ lórí ilẹ̀ tó ń sunkún, ó dúró gbọin. Òun ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Ọdẹ́dínà, ìyálẹ̀ta ni wọ́n wá, oòrùn ti mú. Wọ́n tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin, obìnrin, aṣọ gidi ló wà lọ́rùn wọn. Orin ìyàwó ni wọ́n ń kọ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Obìnrin tó ṣáájú wọn kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ará ilé ọkọ Morẹ́nikẹ́ ni àwọn, àwọn wá kó ẹrù rẹ̀. Mo ní, ìyàwó ńkọ́? Ó ní ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, bàbá rẹ̀ ńkọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yin ẹbí ọkọ lẹ gòkè wá? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ìyá, ṣé ẹ kò mọ bàbá rẹ̀ ni? Ó ní kí á má sọ ọjọ́ ìyàwó fún ẹnikẹ́ni.' Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó bá ìwà rẹ mu."

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ní wọ́n gbàgbé rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Ọ̀jẹ́labí ló mú irin wá tó bá wọn ṣí i, òun ló tún bá wọn tì í. Àwa la gbé ẹrù rù wọ́n. Ṣé a ó máa wo ẹrù ọmọ Ìbíróńkẹ́ kó máa jáde láìsí ẹni tó dá sí i ni? Mo lọ mú àdìrẹ mi kan tí n kò tíì ró rí, mo fi lé e lórí. Mo sunkún nítorí ìyá rẹ̀. A sìn wọ́n dé ìdí òkè, a súre, a padà wá gbálẹ̀ ilé rẹ."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé irú àwọn olè bẹ́ẹ̀ wà, pé wọ́n máa ń ti ọjà dé ọjà bi ìbéèrè. Ogún ọdún ni Ìbíróńkẹ́ fi ra aṣọ ní gbangba, ta ni kò mọ̀? Wọ́n á wá sí àdúgbò náà bí ẹlẹ́rù tó ń kọjá, wọ́n á bi wọ́n pé ìgbà wo ni ìyàwó ilé yìí. Bí àdúgbò bá mọ ọjọ́, wọ́n á kọjá lọ. Bí àdúgbò kò bá mọ nǹkan kan, wọ́n á padà wá.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà n kò fẹ́ gbọ́ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kó ẹrù ọmọ mi fún olè."

Ìyá Ṣànúmi ní, "Ìwọ ńkọ́, ta lo sọ fún? Ọjọ́ tí o ń lọ, mo bi ọ́. O ní pàkúté lo fẹ́ lọ wò. Oṣù mẹ́sàn-án ni o fi wo pàkúté?"

Bí mo bá ti dákẹ́ níbẹ̀, bí mo bá ti jókòó sílẹ̀ kí n sunkún pẹ̀lú wọn, ì bá sàn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Mo lọ sí ilé baálẹ̀, mo pe gbogbo wọn ní olè. Mo ní wọ́n mọ ibi tí ẹrù wà, wọ́n jọ pín in ni. Mo ní àfi kí wọ́n búra. Baálẹ̀ bẹ̀ mí, n kò gbà. Mo gbé ìbọn mi lélẹ̀, mo ní kí wọ́n wá fi ẹnu kan irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá. Ọ̀jẹ́labí fi ẹnu kàn án, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Ṣànúmi tí kò ní eyín kan lẹ́nu mọ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ọwọ́ Morẹ́nikẹ́ mú kó lè bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ètè kan ẹnu ìbọn mi. Ọmọ mi fa ọwọ́ mi láti ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ó tó." N kò wo ẹ̀yìn.

Irin kò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí ni irin fẹ́ pa wọ́n fún?

Ọjọ́ ìyàwó pé. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò dúró dè wá ní ìdí òkè, nítorí pé nílẹ̀ wa, ẹbí ọkọ kì í gòkè wá bá ìyàwó, ẹbí àti àdúgbò ìyàwó ló ń fi orin sin òun àti ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Àwọn ará ilé wa ní ìlú kò wá, ọ̀nà jìn, n kò sì pè wọ́n bó ti yẹ kí n pè wọ́n. Mo ra ìró mẹ́rin, abọ́ mẹ́fà, mo di wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ ìyá rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Gbogbo ohun tó ń lọ sílé ọkọ nìyẹn.

Mo jáde síta. Oòrùn mú dáadáa, kò sí ẹni tó sùn ní abúlé náà. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń gúnyán, mo ń gbọ́ ikọ́ Ìyá Ṣànúmi nínú iyàrá rẹ̀. Mo ké, mo ní, "Ẹ gbà wá o, ìyàwó fẹ́ gbéra." Mo dúró. Mo tún ké e. Ilẹ̀kùn Ọ̀jẹ́labí, tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ẹnìkan rọra tì í láti inú. Wọn kò bú mi, wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló tún fẹ́ fọwọ́ kan ẹrù ilé Ọdẹ́dínà kí wọ́n má tún ní kó wá fẹnu kan ìbọn?

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbìyànjú láti gbé apẹ̀rẹ̀ náà fúnra mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọlọ náà fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bọ́. Mo tún gbìyànjú, ó tún bọ́, abọ́ kan sì fọ́. Èmi tí mo gun orí àyà iwin.

Nígbà náà ni Morẹ́nikẹ́ jáde. Ó ti wọ aṣọ ìyàwó, ó ti fi ìborùn bo ojú. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ká ìborùn náà sókè, ó ṣẹ́ apá aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó di eteetí apẹ̀rẹ̀ náà mú, ó ní, "Bàbá, ẹ dúró dáadáa." Ọmọ mi tó ń lọ sílé ọkọ, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù ìyàwó rẹ̀ rù mí. Ó bo ojú rẹ̀ padà, ó sì ṣáájú, kò sí ẹni tó kọrin.

Ibi tí mo lè bá a dé nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, ẹ gbé ọmọ tó ti sùn.